Morris Minor 1966 àti epo tí kò ní òjé: ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Iléṣà, Morris Minor ni bàbá wa tó jẹ́ tíṣà fi máa ń gbé wa lọ sílé ìwé. Lọ́dún tó kọjá, mo ra irú ẹ̀ kan níbí, ti 1966, tó ní ẹ́ńjìnnì 1098cc. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé epo tó ní òjé ni wọ́n ṣe é fún, pé epo òde òní yóò ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ bí n kò bá pààrọ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Mẹkáníìkì kan ti dá iye lé e fún mi, owó ńlá ni. Aládùúgbò mi sì ní kí n kàn ju àwọn hóró irin kan tí wọ́n ń tà sínú táńkì. Mo fẹ́ máa gbé e lọ sóde ní London nígbà tí ooru bá dé. Àbúrò mi ọkùnrin ní Iléṣà náà fẹ́ jí ọkọ̀ bàbá wa dìde, ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, ọkọ̀ á máa gbé yín dé ibi ire. Ẹ má tíì san owó tọ́ọ̀pù sìlíńdà yẹn. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé. Ẹ́ńjìnnì yín wà lára àwọn tí àìsí òjé lè bà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń bà á jẹ́, ó sì máa ń fi àmì hàn ṣáájú, àmì tí ẹ̀yin fúnra yín lè wọ̀n nínú ọgbà yín. Ohun tó yẹ kí ẹ tètè mójú tó ju ìyẹn lọ ni ọtí tó wà nínú epo òde òní, èyí tí ẹnì kankan nínú àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn kò mẹ́nu bà.

Iṣẹ́ méjì ni òjé ń ṣe nínú epo, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àwọn tó ń ta oògùn ẹ́ńjìnnì máa ń dà wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ po ó mọ́ epo ni pé kì í jẹ́ kí epo ṣàdédé gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà. Ní December 1921 ni Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, rí àǹfààní yìí, nígbà tó sì di February 1923 wọ́n ti ń tà á ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá a lọ. Èérí òjé tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo bá jó máa ń bo ojú fáàfù (ìlẹ̀kùn irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé lórí sìlíńdà) àti ìjókòó rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń pa dé lé, kì í sì í jẹ́ kí irin kan ara irin gan-an. Iṣẹ́ kejì yìí ni ẹni tó ta ọkọ̀ ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní mọ́.

Kí n tó lọ síwájú, mo máa ń gbọ́ tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń dárò òjé, ó sì máa ń dùn mí. Májèlé ni. Ní 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pò ó ní New Jersey ya wèrè, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ jù mí lọ nípa ohun tó ń ṣe sí ọpọlọ ọmọdé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá títà rẹ̀ dúró ní ìparí 1999. Ní June 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò láti lé e lọ, nígbà tí January 2006 sì dé, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní July 2021. Kò sí ọkọ̀ kankan, bó ti wù kó lẹ́wà tó, tó tó ohun tí a ó torí ẹ̀ dá òjé padà sí afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń mí sínú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi epo ọkọ̀ òfuurufú kékeré lọ̀ yín, èyí tó ṣì ní òjé nínú, ẹ má gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì. Fáàfù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn wọ̀nyẹn kò ní ìṣòro, torí ohun tútù tó ń gba ara wọn kọjá kì í jẹ́ kí wọ́n gbóná jù. Mẹ́rin tó ń lé èéfín jáde ni iná ń bá fínra. Bí ẹ bá ń sáré 60 máìlì ní wákàtí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ti pọ́n, á sì máa pa dé sórí ìjókòó rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin gbígbóná méjì tó ń kan ara wọn bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ jó lẹ̀ pọ̀. Bí fáàfù bá tún ṣí, á fa irin kín-ń-kín ya lára ìjókòó, èyí tó fà ya á lẹ̀ mọ́ ojú fáàfù, á le, á sì máa ha ìjókòó náà nígbàkigbà tí fáàfù bá tún pa dé. Bó ṣe ń ha á, bẹ́ẹ̀ ni fáàfù ń rì wọ inú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Bó sì ṣe ń rì, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń gòkè sún mọ́ rọ́kà, ìyẹn irin tó ń tì í ṣí, tí àlàfo àárín wọn, ìyẹn tápẹ́ẹ̀tì, ń dín kù. Ọjọ́ tí àlàfo yẹn bá tán, fáàfù kò ní lè pa dé délẹ̀ mọ́. Iná á máa gba etí rẹ̀ jáde, á jó etí náà, agbára sìlíńdà yẹn á sì lọ.

Ẹ́ńjìnnì A-series ni ti yín, èyí tí Austin gbé jáde ní 1951, tí wọn ò sì dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ títí di 2000. Ara irin tọ́ọ̀pù sìlíńdà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ìjókòó fáàfù sí. Wọn kò fi òrùka irin líle sí i. Ibi tó ti yàtọ̀ sí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Èkó nìyẹn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà tiwọn, ó sì rọ̀ jù fún fáàfù láti máa gbá, ni wọ́n fi ti òrùka irin líle bọ̀ ọ́ láti ilé iṣẹ́. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilé wa kò fi ní ìtàn kankan nípa ọdún tí òjé kúrò nínú epo. Ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ lábẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n lára.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ooru ló ń ṣe é. Bí ooru kò bá pọ̀, ìjókòó fáàfù yín á pẹ́ gan-an. Pẹ̀lú jíà tí wọ́n fi sí 1098cc, tí ẹ bá wà ní jíà kẹrin tí ẹ sì ń sá 50 máìlì ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,200 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá di 60, ó ti ń sún mọ́ 4,000. Ẹni tó ń fi Morris Minor lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ ọjà, tó ń rìn ní 45 sí 50, lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má rí ohunkóhun. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí M1 láti Leeds dé London, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin àti kúlà oúnjẹ nínú búùtù, ni ìjókòó fáàfù rẹ̀ á máa jẹ. Ẹ tún rò ó wò: láti ìparí 1999 ni òjé ti kúrò ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé epo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ yín sì ń rìn títí ẹ fi rà á. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi òrùka irin líle sí i, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rọra lò ó. Ẹ wá inú ìwé owó àtijọ́ tí wọ́n fún yín pẹ̀lú ọkọ̀ náà, bóyá ẹ máa rí rìsíìtì onílẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wọn tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe é láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àlàfo tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.012 ínǹṣì, ìyẹn 0.30 mìlímítà, fún fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ ṣí ìdérí tó wà lókè, kí ẹ ka àwọn fáàfù láti apá rédíétọ̀ wá sẹ́yìn, 1 dé 8. Àwọn tó ń lé èéfín jáde ni 1, 4, 5 àti 8. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù kan á fi ṣí tán, kí ẹ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú 9. Iye tó bá kù ni nọ́ńbà fáàfù tí ẹ máa wọ̀n. Bí 8 bá ṣí, ẹ wọn 1. Bí 5 bá ṣí, ẹ wọn 4. Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ kọ iye tí ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan tí kò ní kúrò nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo wọn ṣe sí 0.012, ẹ wa ọkọ̀ ní 1,000 máìlì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ìwé kékeré yẹn lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu mẹkáníìkì mẹ́wàá lọ. Bí fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá dúró sí ibi tí ẹ fi wọ́n sí, ìjókòó wọn kò jẹ. Bí 1, 4, 5 àti 8 bá ń dín kù, tí 2, 3, 6 àti 7 kò sì yí padà, ìjókòó wọn ti ń jẹ nìyẹn. Ẹ fọkàn sí 4 àti 5 jù lọ. Sìlíńdà kejì àti ìkẹta jọ ń lo ihò èéfín kan ṣoṣo láàárín tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni fáàfù méjèèjì wà, ibẹ̀ ló sì gbóná jù. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú.

Ní ti oògùn inú epo, òótọ́ wà ńbẹ̀. Nígbà tí òjé fẹ́ kúrò, Federation of British Historic Vehicle Clubs, àjọ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn onímọ̀ MIRA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọkọ̀, dán àwọn tó wà lọ́jà wò, ẹ́ńjìnnì A-series ni wọ́n sì lò, ẹbí ti yín gan-an. Ní 1999, mẹ́rin yege. Ọ̀kan lò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lò máńgánísì, ọ̀kan lò sódíọ̀mù, ọ̀kan sì lò pọtásíọ̀mù, gbogbo wọn ló ń fi èérí tí kì í jẹ́ kí irin kan irin sílẹ̀ bí òjé ti ń ṣe. Ẹ ra èyí tí àjọ yìí fọwọ́ sí, ẹ lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ẹ má sì po oríṣi méjì pọ̀. Fún ìrìn-àjò London yín, mo fọwọ́ sí i. Fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, kì í ṣe dandan.

Àwọn hóró irin ti aládùúgbò yín ńkọ́? Mi ò ní dá yín lágara. Ohun tí kì í yọ́ sínú epo kò lè dé orí fáàfù, ohun tí kò sì dé orí fáàfù kò lè bò ó. Ẹ fi owó yẹn ra rọ́bà epo.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Láti September 2021, epo lásán tí wọ́n ń tà ní Leeds jẹ́ E10, ìyẹn ni pé ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó 10 nínú 100. Ọtí kan náà tó wà nínú ògógóró ni. Rọ́bà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1966, àní rọ́bà tí wọ́n ṣe ní 1990, kò mọ ọtí yìí rí. Ó ń rọ̀, ó ń wú, ó ń sán, inú rẹ̀ ń bó sínú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe náà kì í bá a ṣọ̀rẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ wo ibi tí kabúrétọ̀ wà: orí páìpù èéfín gbígbóná gan-an ló jókòó sí. Bí rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kabúrétọ̀ bá sán, orí irin gbígbóná yẹn ni epo máa kán sí. Ìjókòó fáàfù tó jẹ á ná yín lówó. Rọ́bà tó sán lè jó ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo láti táńkì dé pọ́ǹpù, láti pọ́ǹpù dé kabúrétọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára, kí ẹ sì ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, torí ayédèrú wà níta. Ẹ ní kí wọ́n yẹ rọ́bà pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù wò, àti abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró nínú kabúrétọ̀. Àwọn oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ́tánọ́ọ̀lù dógùn-ún sára irin, wọ́n dára, àmọ́ wọn kò lè gba rọ́bà sílẹ̀.

Epo wo ni kí ẹ máa rà? Super. Ẹ wo àmì róbótó tó wà lára pọ́ǹpù ilé epo, kí ẹ wá E5. Ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò lè ju 5 nínú 100 lọ. Ó wọ́n díẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ táńkì yín kò gbà ju nǹkan bí lítà 30 lọ, ẹ kò sì ní rà á lójoojúmọ́. Ó tún tó yín fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òjé ń ṣe, torí ọ́kítéènì rẹ̀, ìyẹn òǹkà bó ṣe lè dúró tó láìṣàdédé gbiná, jẹ́ 97 sókè, bíi ti epo tó lágbára láyé ìgbà náà. Bí 95 nìkan bá wà nítòsí, kò ní pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sílẹ̀ tí ẹ bá ń gun òkè. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kí mẹkáníìkì dá táímì, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù tún ń ṣe ohun kan tó kan ọ̀rọ̀ fáàfù wa. Ó ní ọ́síjìn nínú, nítorí náà epo tí kabúrétọ̀ ń pò á fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bíi pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ sì ń jó gbóná jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìrìn tó jìn díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun báláú, ẹ yí nọ́ọ̀tì abẹ́ kabúrétọ̀ SU yín sísàlẹ̀ ní ojú kan, kí ẹ tún wò ó. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ fáàfù tí wọ́n ń di ẹ̀bi wọn ru àìsí òjé, kabúrétọ̀ tí kò po epo dáadáa àti táímì tí kò tọ́ ló jó wọn. Bí òtútù bá sì dé tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ náà pamọ́, ẹ má fi epo díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á sì lọ jókòó sí ìdí táńkì, á dógùn-ún. Ẹ fi E5 kún un, tàbí kí ẹ fà á gbẹ.

Ìgbà wo ni kí ẹ wá ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà? Ìgbà tí ìwé kékeré yín bá ní kí ẹ ṣe é, tàbí ìgbà tí nǹkan mìíràn bá mú kí wọ́n tú u, bíi gáskẹ́ẹ̀tì tó jó. Nígbà náà, ẹ má tún un dé láìṣe é. Onílẹ́ẹ̀tì á gé ìjókòó mẹ́rin tó ń lé èéfín jáde kúrò, á ti òrùka irin líle bọ̀ ọ́, á sì fi fáàfù tuntun tó bá a mu sí i. Àwọn mẹ́rin yòókù kò nílò rẹ̀. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó ti ṣe A-series rí, nítorí ibi tí omi ń gbà kò jìnnà sí ìjókòó yẹn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè gé e jìn kó sì lu ibẹ̀ jáde, ibẹ̀ yẹn náà sì máa ń sán láàárín fáàfù méjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán kí wọ́n tó gé ohunkóhun. Àti pé kò sí ohun tó ní kí ẹ sáré 70 lọ sí London. Ní 50 sí 55, ẹ̀yin àti àwọn tírélà á jọ máa lọ, ẹ ṣáà tètè kúrò nílé.

Ó ku ti Iléṣà. Kí àbúrò yín má ṣe fi bátìrì sí i kó sì sítáàtì rẹ̀ lónìí. Kí ó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lára irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9M, 948cc ni. Bí ó bá jẹ́ 10MA, 1098cc ni. Lẹ́tà H tàbí L tó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì fún un: H ń tẹ epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an nínú sìlíńdà, L kò tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, epo tí kò lágbára púpọ̀ sì tó fún L. Àìsí òjé kọ́ ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu nínú ìlú. Epo tó ti bàjẹ́ nínú táńkì, ìpẹtà, àti rọ́bà tó ti gbẹ ni. Kí ó fa epo àtijọ́ dànù, kí ó sọ táńkì kalẹ̀ kó fọ̀ ọ́, kí ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíi tiyín, kí ó sì fi fílítà kan tó ṣeé rí inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà epo. Ẹ rántí February 2022, nígbà tí epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní methanol ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, tó sì ba ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Methanol burú fún rọ́bà àti irin ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ, nítorí náà kí ó máa ra epo níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, tí epo kì í pẹ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá yí, tó sì sítáàtì nígbẹ̀yìn, òkè tó wà lọ́nà Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ni kó fi dán táímì wò. Kí ó wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí ó sì fi iye rẹ̀ àti ti tápẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi kó tó ra ohunkóhun mìíràn.